Kí Ọkọ Tó Ra Ọkọ̀ fún Aya ní Lẹ́kkí àti Ajah

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀nà ló sì yẹ kí ènìyàn wò kí ó tó ra ọkọ̀. Kò sí ará Èkó tí kò mọ òwe àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ̀kọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń gbé láti Lẹ́kkí dé Ajah ń gbàgbé, pàápàá nígbà tí ọjọ́ ìbí aya tàbí àyájọ́ ìgbéyàwó bá ń sún mọ́lé. Owó díẹ̀ ti wà nípamọ́, ìfẹ́ wà, àwòrán ọkọ̀ pupa kan tí ara rẹ̀ ń dán gbinrin sì ti gba ojú fóònù. Ohun tó kù ni ìpinnu, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti máa ń wọlé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú afẹ́ nìkan wo ọ̀rọ̀ yìí. Agbègbè tí òkun wà ní apá kan rẹ̀, tí ọ̀sà wà ní apá kejì, ni Lẹ́kkí àti Ajah. Títì márosẹ̀ kan, èyí tó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn olùgbé ibẹ̀ gbára lé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ń rìn láàárín Marina àti Mile 2. Red Line tó tẹ̀lé e ní ọdún 2024 ń rìn láàárín Agbádó àti Ọ̀yìngbò. Kò sí èyí tó ya Lẹ́kkí nínú méjèèjì. Obìnrin tó bá ń gbé ní Sangotedo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń kàwé ní Ikota, sábà máa ń gbára lé dánfó, kórópe àti ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè. Bí òjò bá sì ti ṣú, owó gbogbo wọn a fò sókè.

Nítorí náà, irinṣẹ́ ni ọkọ̀ jẹ́ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wù ú kí irinṣẹ́ náà lẹ́wà, kí ó yá nílẹ̀, kí ó má sì jọ ọkọ̀ àwọn àgbàlagbà, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Owó tí kò pọ̀ lè ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára àmì tó wà níwájú ọkọ̀, kí ó ka iye tí ọkọ̀ náà yóò máa jẹ lóṣooṣù, kí ó sì bi ẹni tí yóò máa wà á léèrè ohun tó fẹ́. Nínú nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, èyí tó kẹ́yìn ló rọrùn jù, òun náà sì ni wọn kì í sábà ṣe.

Àsìkò ti yí padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo tí kò tó ₦200 ní Èkó ti di ₦488. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ₦998 ni wọ́n ń tà á ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là tí kò tó ₦500 lọ́jà ìjọba kọjá ₦1,500 ní ọdún tó tẹ̀lé e. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọkọ̀ àlòkù ní òkè òkun, iye dọ́là náà ni Àjọ Aṣọ́bodè sì fi ń ṣírò owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ ní èbúté. Bí náírà bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kan ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún kan náà. Tíṣà lè ra ìjàpá Volkswagen, ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba lè ra Peugeot 504, tuntun ni yóò sì rà á. Lẹ́yìn tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn ní ọdún 1986, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ọkọ̀ àlòkù sì gba ipò rẹ̀. Yorùbá fún un ní orúkọ tí wọ́n ń fún ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi: Tòkunbọ̀. Orúkọ náà bá a mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti òkun bọ̀ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ kò lè sọ tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ni yóò wá ìtàn rẹ̀ kàn.

Ọ̀nà àbùjá tí àwọn ènìyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà sì ti dí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù. Ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ tó gba Kútọnu wọlé lówó pọ́ọ́kú lónìí, ó ń ta wàhálà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ tí àwọn aṣọ́bodè bá dá ọkọ̀ náà dúró, kì í ṣe ẹni tó tà á ni wọn yóò bá nídìí ọkọ̀. Aya ni wọn yóò bá, pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́yìn.

Kí wá ni ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní "sport" gan-an? Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú orúkọ náà. Èkíní ni ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Èkejì ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó le, táyà tó fẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga, kí ọkọ̀ lè di ilẹ̀ mú bí ó bá ń yà. Ẹ̀kẹta ni aṣọ: ìyẹ́ lẹ́yìn, bọ́ńpà tó wálẹ̀, ìjókòó aláwọ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ tó ń ra "sport", aṣọ ni wọ́n ń rà láìmọ̀. Toyota Corolla S ti ọdún 2009 títí dé 2013, tí gbogbo Èkó ń pè ní Corolla Sport, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 kan náà tó wà nínú Corolla LE ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Ìyẹ́ àti ọ̀ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ló fi yàtọ̀. Kò burú rárá. Ẹni tó mọ̀ pé aṣọ ni òun ń rà kò ní san owó ẹ́ńjìnnì lé e lórí.

Nísinsìnyí, kí a gbé nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí títì Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ wò. Agbára ẹ́ńjìnnì kò wúlò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó wà láti Jakande dé Abraham Adesanya ní ìrọ̀lẹ́. Láti ọdún 2023 tí èbúté Lẹ́kkí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote, àwọn ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ agbépo tún ti dara pọ̀ mọ́ èrò ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ tó lè sáré igba kìlómítà ní wákàtí kan àti èyí tó lè sáré ọgọ́jọ, ìrìn ìgbín kan náà ni wọ́n ń rìn níbẹ̀. Ní ti ẹsẹ̀ tó le àti táyà pẹlẹbẹ, kòtò ojú ọ̀nà inú àdúgbò ni ọ̀tá wọn. Táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga kì í ní ìrọ̀rí tí yóò gba ìgbámú; bí ó bá ṣubú sí kòtò, irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lè tẹ̀, táyà sì lè wú ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kẹta, ìyẹn aṣọ, ni kò ní ìpalára púpọ̀, bí bọ́ńpà rẹ̀ kò bá ti wálẹ̀ jù fún òkìtì adíná-sáré tó wà ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ẹ́sítéètì.

Omi tún ni ọ̀rọ̀ ńlá mìíràn. Àwọn tó wà ní Lẹ́kkí ní oṣù kéje ọdún 2017 kò lè gbàgbé bí àgbàrá ṣe gba òpópónà tí ọkọ̀ sì ń léfòó bí igbá. Kì í ṣe ọdún yẹn nìkan. Kò sí ìgbà òjò tí kì í ṣẹlẹ̀ níwọ̀n díẹ̀. Ọkọ̀ tó bá sún mọ́lẹ̀ jù ni omi ń kọ́kọ́ mú. Bí omi bá gba ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn wọlé, ó ti parí: ẹ́ńjìnnì lè fún atẹ́gùn mọ́ra kí ó kéré, kò lè fún omi mọ́ra. Irin inú rẹ̀ ni yóò tẹ̀, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè sún mọ́ iye ẹ́ńjìnnì mìíràn. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú kí ó lè wálẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ ará Ajah, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn ọkọ̀ wo ló kù fún ẹni tí owó rẹ̀ níwọ̀n? Wọ́n pọ̀ ju bí ènìyàn ti rò lọ. Toyota Camry SE ti ọdún 2010 àti 2011 ló yẹ kí ó ṣáájú. Inú ìdílé ọkọ̀ tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní "Muscle" ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le díẹ̀ ju ti LE lọ, ó jókòó dáadáa, àyè ọmọ mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí olùrà ṣọ́ra fún èyí tó jáde láti 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.4: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni jẹ ẹ̀kọ, Toyota fúnra rẹ̀ sì ti ní láti tún ọ̀pọ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 sí i, ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀.

Corolla S ló tẹ̀lé e fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré sí i. Honda Civic náà ń yá lọ́wọ́ ju Corolla lọ, ó sì dùn-ún wà. Ṣùgbọ́n àwọn ti 2006 sí 2009 ní àrùn ẹ́ńjìnnì tó ń sán, Honda sì fi ọdún kún ìdánilójú tó ṣe lórí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ Civic, kí ó wá ti 2010 tàbí 2011. Mazda 3, pàápàá èyí tó jáde láti ọdún 2014, ló sún mọ́ ọkọ̀ asáré tòótọ́ jù nínú gbogbo wọn, kì í sì í mu epo púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ bíi ti Toyota. Ní ti Hyundai Sonata, ó rẹwà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí wà tó fi wálẹ̀: ní ọdún 2015 àti 2017, Hyundai pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ Sonata ti 2011 sí 2014 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ́ńjìnnì tó lè dákú lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá rí ìwé pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà, kí ó kọjá síwájú.

Àwọn kan yóò ní, "Mercedes C300 ńkọ́? Lexus IS 250 ńkọ́?" Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé owó tí wọ́n fi ń ra Camry tó dára lè ra C300 tó ti dàgbà. Ibẹ̀ ni pàkúté wà. Àwọn méjèèjì ń béèrè epo bẹntiróòlù tó ga ju èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé epo lọ. IS 250 kò ní àyè lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì àwọn tó kọ́kọ́ jáde sì máa ń kó èédú sínú. C300 ń fẹ́ mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ rẹ̀, iye ohun èlò rẹ̀ kan ṣoṣo sì lè ra mẹ́ta ti Toyota. Iye tí wọ́n fi tà á ti wálẹ̀, iye tí wọ́n fi ń tún un ṣe kò wálẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí a má sì gbàgbé ohun tó mú àwọn ọ̀dọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 títí dé ẹnubodè Lẹ́kkí: ọ̀kan nínú ẹ̀sùn wọn ni pé ọlọ́pàá ń dá ẹni tó wà nínú ọkọ̀ dídán dúró bí ọ̀daràn. Bí gíláàsì ọkọ̀ náà bá tún dúdú láìgba àṣẹ, òfin ọdún 1991 wà nílẹ̀ tó lòdì sí i. Kò yẹ kí ọkọ fi irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀bùn fún aya.

Ìṣirò epo nìkan tó láti la ojú ẹni. Ká ní aya ń rin kìlómítà 50 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22 lóṣù. Kìlómítà 1,100 ni. Bí ọkọ̀ kan bá ń mu lítà 9 fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà, lítà 99 ni yóò mu. Bí èkejì bá ń mu lítà 13, lítà 143 ni. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, ₦89,100 ni ti àkọ́kọ́, ₦128,700 ni ti èkejì. Ìyàtọ̀ ọdún kan jẹ́ ₦475,200. Ta ni yóò sì máa san án? Ọ̀pọ̀ ọkọ ló ń ra ọkọ̀ tán, tí wọ́n wá ń fi epo sílẹ̀ fún aya láti inú owó oṣù tirẹ̀. Ẹni tó bá fún ènìyàn ní ẹ̀bùn tó ń jẹ owó oúnjẹ rẹ̀, gbèsè ló fún un.

Nítorí èyí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tó wà lọ́wọ́ ni kí ènìyàn fi ra ọkọ̀. Ìdá kan tó kù ni ti ìwé, táyà, bátìrì, iṣẹ́ mẹkáníìkì àkọ́kọ́ àti adójútòfò. Adójútòfò tó pọn dandan fún ọkọ̀ àdáni ti kúrò ní ₦5,000, ó ti di ₦15,000 láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Àmọ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn tí ènìyàn bá gbá ló ń bójú tó, kò kan omi tó wọ ọkọ̀ tirẹ̀. Ní àdúgbò tí àgbàrá ti ń wọ ilé, adójútòfò tó gbòòrò kì í ṣe àṣejù.

Kò sì dára kí ẹnikẹ́ni yá owó báńkì láti fi pọ́n ìfẹ́ lé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n owó èlé sí ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, orí rẹ̀ sì ni àwọn báńkì ń gbé tiwọn lé. Ọkọ̀ ń gbó lójoojúmọ́, gbèsè ń dàgbà lójoojúmọ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Bí ọkọ̀ bá ti wu ojú, kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ní lẹ́tà àti eéjì mẹ́tàdínlógún. Bí èyí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é; J jẹ́ Japan, W jẹ́ Jámánì. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún rẹ̀: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Ẹni tó bá ní ti 2011 ni òun ń tà, tí ìkẹwàá sì jẹ́ 9, ti parọ́ kí ó tó la ẹnu. Pẹ̀lú nọ́ńbà yìí, ènìyàn lè san owó díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà ti ní jàǹbá tàbí bóyá omi ti bò ó rí. Lẹ́yìn ìjì Harvey tó jà ní Texas ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó mu omi ló lọ sí ọjà gbàǹjo. Kí olùrà fa okùn ìjókòó jáde títí dé òpin kí ó wo bóyá àbàwọ́n omi wà lára rẹ̀, kí ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ó fi ọwọ́ kan irin abẹ́ ìjókòó. Kí ó mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání, kì í ṣe èyí tí olùtajà bá a pè.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá tán ni ìbéèrè tó wúwo jù yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi ariwo àti kéèkì gbé fún aya, orúkọ ọkọ ló ṣì wà lórí ìwé rẹ̀. Nígbà tí inú bá dùn, kò sí ẹni tó ń rí i. Bí ìjà bá dé, tàbí bí ọlọ́jọ́ bá dé lójijì, àwọn ẹbí yóò ka ọkọ̀ mọ́ ogún òkú, obìnrin tó ti ń wà á fún ọdún márùn-ún yóò sì máa sá ilé ẹjọ́ kiri kí ó tó lè fi gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀bùn tí orúkọ ẹni tí wọ́n fún kò sí lórí rẹ̀, ọkọ̀ àyálò ni. Bí ó bá sì ṣe pé aya ló ra ọkọ̀ fún ọkọ, òfin kan náà ló yẹ kí ó de àwọn méjèèjì.

Àwọn kan yóò ní ojú ayé ńkọ́, pé ní Erékùṣù, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni. Lóòótọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ́sítéètì lè kí oní-Benz kíákíá ju oní-Corolla lọ. Ṣùgbọ́n ìkíni náà kò kọjá ìṣẹ́jú kan, owó àtúnṣe gíà kò sì ní dín nítorí rẹ̀. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ìwọ̀n ara ẹni ni ọmọ Yorùbá fi ń mọ ara rẹ̀. Camry SE tó mọ́, tí ìwé rẹ̀ pé, tí táyà rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí ó ń jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òwúrọ̀ òjò, yóò gbé obìnrin láti Ajah dé ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lásìkò.

Kí ọkọ tó na owó, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà lé aya lọ́wọ́, kí ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ó wà á gba orí òkìtì adíná-sáré méjì, kí ó wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Jakande fún ìdajì wákàtí, kí ó sì gbé e sáàárín ọkọ̀ méjì níbi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹnu rẹ̀ ni yóò fi sọ bóyá ọkọ̀ náà bá òun mu.